Ṣéńjì Owó Igi

Ní ọdún kejì mi ní yunifásítì, ọmọ kíláàsì wa kan wá jókòó tì mí kí olùkọ́ tó dé. Ó fa imú, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "Ta ló ń yan ẹran níbí?" Gbogbo àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo tiẹ̀ wo ẹ̀yìn bí ẹni tó ń wá ọ̀daràn náà. Bẹ́ẹ̀ èmi ni. Aṣọ tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà, orí okùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná wa ní Òjé ni mo ti ká a láàárọ̀, èéfín igi sì ti mu ún yó. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń di aṣọ ilé ìwé mi sínú ọ̀rá, tí mo ń so ó lẹ́nu, tí mo ń tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Yorùbá ní èéfín ni ìwà, rírú ló ń rú. Nígbà yẹn, èéfín nìkan ni mò ń bẹ̀rù.

Òjé ni ilé wa. Tẹ́ ẹ bá wọ máíkírà láti Agodi Gate, tẹ́ ẹ sọ̀kalẹ̀ níwájú ọjà tí wọ́n ti ń ta aṣọ òkè, ẹ ó rìn díẹ̀ wọ àdúgbò kí ẹ tó kan agbo ilé wa. Ilé àtijọ́ ni: páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà, yàrá kọjú sí yàrá, ẹ̀yìnkùlé sì jẹ́ ti gbogbo wa. Ẹ̀yìnkùlé yìí ni ìyá bàbá mi ti ń ṣe ẹ̀kọ tà láti ìgbà tí bàbá mi ò tíì wọ ilé ìwé. Nínú ilé, Ìyá Àgbà là ń pè wọ́n. Lójú títì, Ìyá Ẹlẹ́kọ ni gbogbo èèyàn mọ̀.

Ẹ̀kọ kì í ṣe oúnjẹ tí èèyàn ń fi iná kékeré ṣe. Ìkòkò Ìyá Àgbà tóbi débi pé ọmọ ọdún mẹ́ta lè lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ (mo ti wẹ̀ nínú rẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ fún oníbàárà kankan). Aago mẹ́rin ìdájí ni wọ́n ń dáná. Iná gbọ́dọ̀ le títí omi á fi hó. Tí wọ́n bá da ògì sí i, iná gbọ́dọ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀kọ á lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò; àmọ́ kò gbọdọ̀ kú, torí tí iná bá kú lórí ẹ̀kọ tí kò tíì jinná, kókó ló máa dì. Ẹni tó ń fi orógùn rò ó ò ráyè kóná, ẹni tó ń kóná ò ráyè rò ó. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé èèyàn méjì ló máa ń wà nídìí ààrò: Ìyá Àgbà ń rò, Ìyàwó ń kóná. Tó bá jinná, gbogbo wa á jókòó pọ́n ọn sínú ewé.

Ìyàwó ni ìyàwó bùọ̀dá mi. Ó fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ, àmọ́ ó bá mi nílé ni, nítorí náà kì í pe orúkọ mi. Akọ̀wé ló sọ mí torí pé mo wọ yunifásítì. Bó bá ti ní, "Akọ̀wé, ẹ bá mi mú abẹ̀bẹ̀ yẹn," orí mi á kọ́kọ́ wú kí n tó rántí pé iṣẹ́ ló bẹ̀ mí. Nígbà tí bùọ̀dá mi gbé e níyàwó ní ọdún 2022, sílíńdà gáàsì kan wà nínú ẹrù tó kó wá. Inú gbogbo ilé dùn sí i. Ẹ̀kọ nìkan ló kù fún igi. Ọbẹ̀, ìrẹsì, omi tíì, orí gáàsì ni.

Adùn náà ò pẹ́. Lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, kò sí ọjà tó dúró síbi tó wà. Kílò gáàsì kan tí à ń rà ní nǹkan bíi 700 náírà kọjá 1,000 mọ́ wa lọ́wọ́, nígbà tó sì di ọdún 2024 a ti rà á ní 1,300. Ká wá padà sí kẹrosíìnì ńkọ́? Òun gan-an ti di ọjà olówó. Sílíńdà ṣófo, ó di ohun tí a ń gbé bàsíà lé. Gbogbo ohun sísè padà sídìí ààrò Ìyá Àgbà. Kì í sì í ṣe ilé wa nìkan. Tẹ́ ẹ bá dúró lórí òkè Mápó lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tẹ́ ẹ wo ìsàlẹ̀, ẹ ó rí èéfín tó ń yọ láàárín òrùlé kan sí òmíràn.

Ọ̀dọ̀ Bàbá Onígi kan lọ́nà Yemẹtu ni Ìyá Àgbà ti ń ra igi, ó ti lé ní ogún ọdún. Mọ́tò ló ń kó igi náà wá láti àwọn oko apá Ìdó àti Akínyẹlé. Ìyá Àgbà mọ igi bí oníṣòwò ṣe mọ owó. Ayín ni ọ̀gá lójú tiwọn: ó wúwo, ó máa ń pẹ́ kó tó jó tán, ẹ̀yinná rẹ̀ á sì wà nílẹ̀ títí wọ́n á fi pọ́n ẹ̀kọ tán. Igi kòkó dára tó bá jẹ́ èyí tó ti gbó. Arère kàn ń jó bíi bébà ni, kí ẹ tó yíjú padà, eérú lẹ máa bá. Síbẹ̀ wọ́n máa ń sọ pé arère gbígbẹ sàn ju ayín tútù lọ.

Wọn kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ń tajà gbọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ wo ojú ibi tí wọ́n ti gé igi: èyí tó bá gbẹ á ti sán, á ti la bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀ nígbà ọyẹ́. Wọ́n á fi èékánná wo èèpo rẹ̀ bóyá ó ti ń ṣí. Wọ́n á gbá ẹ̀là méjì mọ́ra: gbígbẹ á dún ganran, tútù á dún bí ìgbà tí èèyàn gbá tìmùtìmù. Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti ìparí, wọ́n á gbé igi lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tó ń gba ìpè. Igi tí omi bá wà nínú rẹ̀ á tutù lára. Mo rí gbogbo èyí láti kékeré, mi ò sì fi ọ̀kankan kọ́gbọ́n.

Ní oṣù Keje ọdún 2024, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dun Ìyá Àgbà, wọn ò lè rìn dé Yemẹtu mọ́. Wọ́n fún mi ní 12,000 náírà, wọ́n ní kí n lọ ra igi ọmọlanke kan. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Òkìtì igi méjì ló wà lọ́dọ̀ Bàbá Onígi. Ọ̀kan wà lábẹ́ páànù láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èkejì wà ní gbangba, mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ já a sílẹ̀ ni, oje ṣì wà lára rẹ̀. Ti abẹ́ páànù, 12,000. Ti gbangba, 8,500.

Asáìnmẹ́ǹtì kan wà lọ́wọ́ mi tí mo fẹ́ lọ tẹ̀, ọjọ́ kejì la gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀. Dátà fóònù mi ti tán. Mo ṣírò rẹ̀ lórí ìdúró: 3,500 náírà. Mo sọ fún ara mi pé igi ni igi, iná á jó o.

Bàbá Onígi wò mí. "Ṣé Ìyá Ẹlẹ́kọ ló ní kó o ra tútù?"

"Àwọn ni, sà."

"Wọ́n fẹ́ lọ sá a ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ilẹ̀ ni mò ń wò nígbà tí mo sọ ọ́.

Ilẹ̀ ti ṣú kí ọmọlanke tó dé Òjé, kò sì sí iná mànàmáná. A já igi sí ẹ̀yìnkùlé. Láti inú yàrá, Ìyá Àgbà béèrè pé, "Ó gbẹ?" Mo ní, "Ó gbẹ, mà." Mo lọ tẹ asáìnmẹ́ǹtì mi.

Èéfín ló jí mi ní ìdájí. Ó ti gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó dì sínú yàrá bí ìkùukùu. Nígbà tí mo jáde, Ìyàwó wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ààrò, oyún oṣù márùn-ún nínú rẹ̀, ó ń fi ẹnu fẹ́ iná tí kò fẹ́ ràn. Omijé ń dà lójú rẹ̀. Lára orí igi tó yọ síta, omi ń hó, ó ń yọ ìfófòó bí ẹnu ìgbín. Ìyá Àgbà dúró tàwọn tìkọ́, orógùn lọ́wọ́, omi inú ìkòkò ò sì tíì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wọ́n ti sun ọ̀rá mẹ́rin sí i kí iná lè gbá. Ẹ ṣáà mọ òórùn ọ̀rá tó ń jóná. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ mi bo imú mi.

Lọ́jọ́ náà, aago mẹ́jọ kọjá kí ẹ̀kọ tó jinná. Àwọn tó máa ń rà á lọ síbi iṣẹ́ ti lọ. Àwọn tó rà á ní èéfín ń rùn nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá igi yẹn jà lójoojúmọ́, igi tó yẹ kó lò tó ọ̀sẹ̀ méjì, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló tán. Tẹ́ ẹ bá ṣírò rẹ̀, kò tiẹ̀ sí èrè kankan nínú 8,500 yẹn. Èmi nìkan ni mo jèrè.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mi ò lè gbàgbé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá Àgbà mú ẹ̀là igi kan, wọ́n gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, mò ń fọ eyín. Mo rò pé wọ́n máa yíjú sí mi. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Ọkùnrin yìí ti gbọ́ pé orúnkún ń dùn mí." Wọ́n ju igi náà sílẹ̀. Wọ́n ní láti ogún ọdún, àṣé ọjọ́ tí òun ò bá lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ fúnra òun ló ń dúró dè, kó lè fi igi tútù rẹ́ òun jẹ nípasẹ̀ ọmọ tí kò mọ nǹkan kan. Ọmọ tí kò mọ nǹkan kan, èmi nìyẹn. Wọ́n sọ ọ́ fún àwọn ará ilé, wọ́n sọ ọ́ fún ìyá tó ń ta ewé, wọ́n ránṣẹ́ sí Bàbá Onígi pé àjọṣe àwọn ti parí. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo fọ eyín pẹ́ lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo tẹ̀ lé Ìyàwó lọ sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò oyún torí pé bùọ̀dá mi wà níbi iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n tún un wọ̀n. Wọ́n ní kó jókòó sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta: 142 lórí 94. Oṣù tó ṣáájú, kò sí nǹkan tó ń ṣe é. Wọ́n bi í léèrè oúnjẹ, wọ́n bi í léèrè oorun, wọ́n wá béèrè pé, "Kí lẹ fi ń dáná nílé?"

Ìyàwó ní, "Igi ni, mà."

"Ta ló ń kóná rẹ̀?"

"Èmi ni, mà."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí mi. "Ìwọ tó o ń lọ sí yunifásítì, ṣé o gbọ́? Wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ kó jókòó ti èéfín mọ́." Mo ní mo gbọ́. Nínú máíkírà tá a wọ̀ padà, Ìyàwó gbé orí lé mi léjìká, ó ń sùn.

Ọjọ́ kejì, dípò kí n lọ ka ìwé ìdánwò, orí ọ̀rọ̀ èéfín ni mo fi gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà sí nínú Kenneth Dike. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí bà mí lẹ́rù torí pé kò jìnnà sílé. Láàárín ọdún 2013 sí 2015, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Chicago ṣe ìwádìí pẹ̀lú aláboyún 324 níbí, ní Ìbàdàn yìí. Wọ́n fún àwọn kan ní sítóòfù tó ń lo ẹtánọ́ọ̀lù, àwọn yòókù ń bá kẹrosíìnì tàbí igi wọn lọ. Nígbà tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ wọn gbẹ̀yìn kí wọ́n tó bímọ, nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń lo ti àtijọ́, bíi mẹ́fà ni ẹ̀jẹ̀ wọn ga. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń lo ẹtánọ́ọ̀lù, bíi méjì ni. Àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2017. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ṣírò pé èéfín inú ilé lọ́wọ́ nínú ikú èèyàn tó tó mílíọ̀nù 3.2 ní ọdún 2020 nìkan.

Èmi kì í ṣe dókítà. Èèyàn mélòó kan láàárín 324 kò tó ohun tí mo lè fi dájọ́ ara mi, bẹ́ẹ̀ ni igi ọjọ́ mẹ́sàn-án ò ṣeé dì mọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru bí ẹni di ẹrù mọ́ ẹ̀yìn olè. Àwọn aláboyún tí kò dé ìdí ààrò rí náà ń ní in. Mo mọ èyí. Mo sì tún mọ ẹni tó kúnlẹ̀ síwájú igi náà, mo mọ ẹni tó rà á, mo sì mọ ohun tí mo fi 3,500 náírà ṣe.

Mo tún ka ohun tí omi ń ṣe nínú igi. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ lè jẹ́ omi. Ìyẹn ni pé nínú kílò mẹ́wàá tí ọmọlanke ń tì wálé, kílò márùn-ún lè jẹ́ omi tí a fowó rà. Iná tó máa fa líta omi kan gbẹ pátápátá tó ìlọ́po méje èyí tó máa mú líta kan náà hó. Nítorí náà iná tiwa, kó tó kan ìkòkò ẹ̀kọ rárá, ìkòkò mìíràn tí a ò rí ló kọ́kọ́ ń sè, inú igi ni ìkòkò náà wà. Iná tó ń bá omi jà ò lè gbóná tó láti jó èéfín ara rẹ̀. Èéfín gan-an kò ju igi tí iná ò rí jó tán lọ.

Ẹ̀yin àgbà wa tẹ́ ẹ ti jáde, tẹ́ ẹ wà ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ó ti mọ èyí ju mi lọ bí ẹ bá ní ààrò igi nínú pálọ̀. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2021, òfin ti wà níbẹ̀ pé igi ìdáná tí wọ́n ń tà ní díẹ̀díẹ̀ fún lílò inú ilé kò gbọdọ̀ ní omi tó ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Wọ́n ní ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń gún mọ́ igi láti fi wọ̀n ọ́n. Ìyá Àgbà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Mo jẹ́wọ́ fún wọn ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Wọ́n ń nu ewé, wọ́n ń tò ó léra. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan asáìnmẹ́ǹtì àti dátà. Wọn ò dá ọwọ́ dúró. Nígbà tí mo parí, wọ́n nu ewé mẹ́ta sí i, wọ́n wá ní, "Mo ti pe ọkùnrin yẹn ní olè lójú ìyá eléwé."

Mo ní, "Ẹ máa bínú, mà."

"Èmi kọ́ lo máa bẹ̀ ṣáájú. Lọ bá a. Tó o bá débẹ̀, ìwọ ni kó o sọ ọ́, má sọ pé èmi ni mo rán ọ."

Mi ò sùn dáadáa. Ní àárọ̀, mo lọ sí Yemẹtu kí n tó lọ sílé ìwé, mo kúnlẹ̀ láàárín èèpo igi. Bàbá Onígi ń pọ́n àáké, wọ́n jẹ́ kí n sọ tèmi tán. Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ìyá ẹ ò ra igi tútù nígbà òjò rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n. Mo ní kí n bi ọ́ léèrè, o wolẹ̀." Mo béèrè ìdí tí wọn ò fi wá sọ fún Ìyá Àgbà nígbà tí wọ́n gbọ́ pé wọ́n ń bà wọ́n lórúkọ jẹ́. Wọ́n wò mí bí ẹni tó bi wọ́n ní ìbéèrè òmùgọ̀. "Kí n wá máa bá ọmọ wọn ṣẹjọ́ níwájú wọn?"

Wọ́n padà sídìí àáké wọn. Nígbà tí mo dìde, wọ́n ní kí n dúró. Wọ́n ní igi tútù kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀, ìkánjú ni. Tí èèyàn bá ní ẹ̀yìnkùlé, tó sì ní sùúrù, igi olówó pọ́ọ́kú ló yẹ kó máa rà, àmọ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kó rà á, kó là á sí ìwọ̀n ọrùn ọwọ́ torí pé omi kì í tètè gba inú èèpo jáde, ojú ibi tí wọ́n là ló ń gbà. Kó má tò ó sílẹ̀. Kó to bíríkì tàbí igi méjì sábẹ́ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè ráyè. Kó fi páànù bo orí rẹ̀ nìkan, kó má fi tapólì dì í yíká, torí pé igi tí wọ́n dì bí òkú, ṣe ló máa hu olú. Ọyẹ́ á ṣe ìyókù.

Èmi ni mo bọ́ sídìí ààrò dípò Ìyàwó láti ìgbà yẹn. Aago mẹ́rin ìdájí, mo ti jí. Aago méje, mo ti wà ní Agodi Gate tí mò ń wá mọ́tò. Aṣọ inú ọ̀rá ò wúlò mọ́, inú irun mi ni èéfín wà. Ìyá Àgbà padà sọ́dọ̀ Bàbá Onígi, igi abẹ́ páànù la sì ń rà títí òjò fi lọ, 12,000, nígbà mìíràn 13,000. Mo fi owó tí mo ń gbà níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé lẹ́kọ̀ọ́ san 3,500 náà padà, ìgbà mẹ́ta ni mo fi san án.

A tún gbìyànjú ìyẹ̀fun pákó. Ó pọ̀ ní Bódìjà níbi tí wọ́n ti ń la pákó, àpò kan ò sì wọ́n. Mo kà pé ní Yúróòpù wọ́n máa ń fún irú rẹ̀ pọ̀ di hóró kéékèèké gbígbẹ tí wọ́n fi ń mú ilé móoru. Tiwa, inú garawa ọ̀dà la kì í sí, a fi ìgò sáàárín, a fà á yọ kí iná lè ní ihò tó máa gbà. Ó se ọbẹ̀ dáadáa. Ti ẹ̀kọ kọjá agbára rẹ̀. Ìyá Àgbà wò ó, wọ́n ní ó dára fún ẹni tó ń gbé òun nìkan.

Ìyàwó bímọ ní oṣù Kọkànlá, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Oògùn ni wọ́n fi mú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dúró títí dìgbà náà. Obìnrin ni ọmọ náà, kílò 2.4. Ó kéré, àmọ́ igbe rẹ̀ tóbi. Títí di òní, mi ò mọ ohun tó mú kó yá jáde, kò sì sí ẹni tó bi mí. Ìyàwó mọ gbogbo ọ̀rọ̀ igi náà, Ìyá Àgbà ló sọ fún un. Ọ̀sẹ̀ kan ni kò fi pè mí ní Akọ̀wé. Kò pè mí ní nǹkan kan rárá. Ọjọ́ tó tún pè mí bẹ́ẹ̀, ọmọ ló fẹ́ kí n bá òun gbé.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, a ra igi tútù ọmọlanke méjì. Bùọ̀dá mi là á, èmi tò ó mọ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé níbi tí oòrùn ọ̀sán ń bà, orí bíríkì, páànù lókè. Oṣù kìn-ín-ní, kò sí nǹkan tó yí padà lójú mi. Oṣù kejì, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Nígbà tí oṣù Kẹta ọdún 2025 ń parí lọ, mo gbá méjì mọ́ra, ó dún ganran. Mo pe Ìyá Àgbà. Wọ́n gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e kúrò. Wọ́n ní ká fi kún un kí òjò tó dé.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Igi gbígbẹ náà ń rú èéfín, ojú Ìyá Àgbà ṣì ń pọ́n, wọ́n ṣì ń wúkọ́ lálẹ́. Ọjọ́ tí owó gáàsì bá wálẹ̀, èmi ni mo máa kọ́kọ́ gbé bàsíà kúrò lórí sílíńdà yẹn. Ṣùgbọ́n aago mẹ́fà ni ẹ̀kọ ń délẹ̀ báyìí, ẹni tó bá sì jókòó lẹ́nu ọ̀nà ń rí ẹni tó wà nídìí ààrò.

Wọ́n rán mi lọ sí Yemẹtu lọ́sẹ̀ náà. Wọ́n kó 10,000 náírà lé mi lọ́wọ́. Bàbá Onígi gba 9,000, wọ́n bi mí léèrè ilé ìwé, wọ́n ní kí n kí ìyá. Mo mú 1,000 tó kù dé ilé, mo kúnlẹ̀, mo fi lé Ìyá Àgbà lọ́wọ́. Igba-igba náírà ni, márùn-ún. Wọ́n kà á. Wọ́n tún un kà. Wọ́n so ó mọ́ etí ìró wọn, wọ́n ní kí n lọ wo omi lórí iná.